Aṣọ Tí Oòrùn Jó: Àkọsílẹ̀ Oṣù Mẹ́rin Nínú Ilé Iná Etíkun

Aṣọ aláró kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi tó ní ihò lára. Ihò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, etí rẹ̀ dúdú, tí ẹ bá sì gbé e sún mọ́ imú, ẹ ṣì máa gbóòórùn òwú tó jóná. Oòrùn lásán ló jó o. Láti ọjọ́ tí ihò yìí ti dá sí i ni ètò tí a ti ń fi oṣù mélòó kan múra rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba oníṣọ̀nà lálejò sínú ilé àtijọ́, àti fún ẹ̀yin oníṣọ̀nà tí ẹ máa ń jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ibi tí ilé náà wà. Èmi ni alábòójútó ètò náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí ẹ máa kà níbí, tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé yìí. Ilé iná ni ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sétí òkun, tí iná ń tàn lórí rẹ̀ lóru kí awakọ̀ ojú omi lè mọ ibi tí òun dé àti ibi tí àpáta lúgọ sí. Tiwa ga tó mítà 31. Àtẹ̀gùn 142 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń yí po mọ́ ògiri bí ìkarawun ìgbín títí dé yàrá iná lókè. Nígbà kan, àwọn olùtọ́jú iná ń gbé nínú ilé kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn á gòkè lọ tan iná lálẹ́, wọn á gòkè lọ pa á láàárọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Iná tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí kò tóbi ju garawa lọ, ìta ni wọ́n so ó mọ́, lára irin báńkóònì. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì àtijọ́, dígí ńlá tó ń kó ìmọ́lẹ̀ fìtílà jọ, ṣì dúró sínú yàrá iná. Ó ga ju èèyàn lọ, èèyàn sì lè wọ inú rẹ̀ lọ dúró. Kò yí mọ́, kò sì tàn mọ́.

Ọ̀nà méjì ni àṣẹ orí ilé náà pín sí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ lójú òkun ló ni iná. Ẹgbẹ́ tiwa ló ń tọ́jú ilé gogoro fúnra rẹ̀ àti ilé àwọn olùtọ́jú. Àwa la sì ronú pé kí ilé tó ṣófo yẹn máa gba oníṣọ̀nà: kó wá gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, kó máa ṣiṣẹ́, kó sì pàtẹ ohun tó bá ṣe fún aráàlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn.

Ẹni tí a mú jẹ́ obìnrin tó ti ń hun aṣọ, tó sì ti ń pa á láró, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìwé tó kọ sí wa dùn ún kà. Ó ní òun máa hun aṣọ fífẹ̀ méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, òun á ta wọ́n yí yàrá iná ká, òun á sì gbé fìtílà sẹ́yìn wọn lálẹ́, kí orí ilé gogoro náà lè máa pọ́n rẹ́rẹ́ bí èso lórí igi. Ìgbìmọ̀ wa kà á, a pàtẹ́wọ́. Èèyàn mẹ́fà ló jókòó síbẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tó béèrè pé iṣẹ́ wo ni ilé náà ń ṣe lálẹ́.

Ìwé àjọ náà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì tó ti wọlé, lẹ́yìn tó ti ra òwú. Wọ́n ní rárá. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Inú bí mi, mo gbé fóònù. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn ṣe sùúrù fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní iná etíkun kọ̀ọ̀kan ní ìṣesí tirẹ̀: iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú, iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ṣíṣẹ́jú kan sí èkejì, àti àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àti sórí àwòrán òkun tó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó bá wà lójú agbami lóru tó rí iná kan lókèèrè, kíkà ló máa kà á, á wá wò ó nínú ìwé, á sì mọ ibi tí òun wà. Pupa ní ìtumọ̀, àwọ̀ ewé ní ìtumọ̀. Ní ibi púpọ̀, apá ibi tí àpáta wà nínú òkun ni wọ́n máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjú sí. Kódà fìtílà tí kò bá tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀, tó bá tóbi tó sì wà lórí ilé iná, ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fún irú àjọ yìí láṣẹ láti ní kí wọ́n pa á.

Wọ́n wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ọkọ̀ kan bá ka iná yín mọ́ tiwa, ta ló máa dáhùn?" Mo dákẹ́.

Ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ni ì bá gbà, ká ní mo pè wọ́n kí a tó polongo ètò náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣọ̀nà náà, mo bẹ̀ ẹ́. Kò bínú, ó kàn dákẹ́ ni, èyí tó burú ju ìbínú lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fọwọ́ kan òwú. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá bá mi, ó ní, "Ó dáa. Tí kò bá lè jẹ́ òru, ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọ̀sán."

Èyí ló bí ihò yẹn. Ó fẹ́ wo bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe ń rìn nínú yàrá iná. Ọ̀rá dúdú kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì níhà tí oòrùn ti ń wọlé, ó ti gbó, ó ti ń bó. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ nínú wa. Mo tiẹ̀ sọ pé ó ń ba ojú ilé jẹ́. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan la jọ ká a kúrò kí àlejò wa lè rí òkun dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so aṣọ òwú fẹ́lẹ́ kan tó ti pa láró ẹ̀lú sí àárín lẹ́ǹsì gan-an, níbi tí fìtílà máa ń wà nígbà àtijọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni lójú mi nígbà náà, ó sì ṣì dára lójú mi títí di òní: aṣọ ní ipò iná. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa gun àtẹ̀gùn 142 padà, èéfín ti ń rú. Omi inú ike tó fi ń mumi ló fi pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá mọ lẹ́ǹsì náà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Augustin Fresnel ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé iná Cordouan ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sí, ní 1823. Kí ó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ fi dígí kó ìmọ́lẹ̀ fìtílà jọ máa nílò dígí tó nípọn tó sì wúwo kọjá ààlà. Fresnel gé dígí náà sí òrùka òrùka, ó to àwọn òrùka náà yí ara wọn ká, tí dígí tẹ́ẹ́rẹ́ fi lè kó ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n káàkiri jọ, kó sì tì í jáde sójú òkun ní ọ̀pá kan ṣoṣo. Àmọ́ dígí kò mọ inú, kò mọ òde. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fìtílà ń gbà jáde lóru, ọ̀nà náà ni oòrùn ń gbà wọlé lọ́sàn-án, ibi tí gbogbo rẹ̀ sì ń pàdé ni àárín, ibi tó so aṣọ sí. Nínú àwọn ilé iná tí lẹ́ǹsì wọn ṣì ń yí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó yí tọ̀sán-tòru nítorí èyí, kí oòrùn má bàa dúró sójú kan. Tiwa kò yí mọ́. Ọ̀rá dúdú tí mo ká kúrò ló ń dáàbò bò ó.

Mo ti fẹ́ dá ètò náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rántí bàbá kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ olùtọ́jú iná rí, tí ilé wọn kò sì jìnnà ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí wa. Gbogbo ọdún tí a ti ń tọ́jú ilé náà, a kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun rí. Wọ́n fi ọ̀pá rìn wá. Orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́, torí náà inú ilé kékeré ni a ti gbé aṣọ tó jóná náà fún wọn. Wọ́n na ìka gba inú ihò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ta kọ́tìnnì?"

Oníṣọ̀nà náà tẹ́tí. "Kọ́tìnnì wo, bàbá?"

Wọ́n ní tí olùtọ́jú bá ti pa iná láàárọ̀, iṣẹ́ tó kàn ni kó ta kọ́tìnnì yí gbogbo gíláàsì yàrá iná ká kí oòrùn tó mú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá fẹ́ nu lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ so aṣọ ọ̀gbọ̀ kan mọ́ iwájú ara rẹ̀, nítorí pé bọ́tìnnì tàbí bẹ́líìtì lè ha dígí. Mo lọ wò ó lẹ́yìn náà: nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ń fún àwọn olùtọ́jú iná ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, aṣọ ọ̀gbọ̀ yẹn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin.

"Ta ló máa ń rán kọ́tìnnì náà?" Ó ti sún àga rẹ̀ mọ́ tiwọn.

"Àwa náà ni. Èyí tí a lò kẹ́yìn, ìyàwó mi ló rán an."

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó gòkè lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó gun àga, ó fi ọwọ́ tọ etí òrùlé yàrá iná, lókè gíláàsì. Ìkọ́ kéékèèké ni, wọ́n yí gbogbo yàrá náà ká, ọ̀dà orí ọ̀dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ti gun ilé yẹn ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, n kò rí ìkọ́ kan rí. Òun ka mẹ́tàdínlógójì.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti yí padà. Títí di ọjọ́ yẹn, ibi tí a máa fi aṣọ hàn ni ilé iná jẹ́ fún gbogbo wa, bí ògiri ilé ìpàtẹ ṣùgbọ́n tó rẹwà jù ú lọ. Ní báyìí ó wá hàn pé aṣọ ti wà nínú ilé náà tipẹ́, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ẹnìkan ló sì kó o kúrò. Ó fa ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ya. Ó ní ohun mẹ́ta lòun máa ṣe: kọ́tìnnì tuntun fún yàrá iná, aṣọ gígùn kan fún àárín ilé gogoro, àti ìpàtẹ kékeré kan lórí aṣọ ọ̀gbọ̀ àwọn olùtọ́jú.

Kọ́tìnnì ló rọrùn jù. Ó fi òwú ọ̀gbọ̀ hun ún, ó fi ojú tó kọ sóde sílẹ̀ ní funfun kí ó lè máa dá oòrùn padà, ó sì fi àwọ̀ sí ojú tó kọ sínú. Inú àjọ ojú òkun dùn sí i débi pé wọ́n rán ẹnìkan wá wọ̀n ọ́n bóyá ó máa dí iná tó wà níta lọ́wọ́. Kò dí i.

Aṣọ gígùn ló fẹ́ pa wá. Ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀: ó fẹ̀ ju mítà kan lọ, ẹnu ọ̀nà ilé gogoro kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 80. A gbé e sí ọ̀tún, a gbé e sí òsì, a yí i dùbúlẹ̀. Ó kọ̀. Inú ilé kékeré ló padà jókòó sí, tí gbogbo aṣọ fi di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rán pọ̀.

Ibi tó fẹ́ so ó sí ni ihò gbọọrọ tó gba àárín àtẹ̀gùn kọjá láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá ló sọ ohun tí ihò náà wà fún. Nígbà tí lẹ́ǹsì ń yí, ẹ̀rọ bíi ti aago ló ń yí i, irin wúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ihò náà ló sì ń fa ẹ̀rọ náà. Tí irin bá ti fẹ́ dé ilẹ̀, olùtọ́jú á tún wé e padà sókè, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ díẹ̀, jálẹ̀ òru. Oníṣọ̀nà náà ní òun fẹ́ kí aṣọ rọ̀ sí ibi tí irin yẹn ń rọ̀ sí.

Irun àgùntàn ló fi hun ọ̀já àkọ́kọ́, mítà 18. Ó ti rì í sínú aró ẹ̀lú, ó sì lọ ṣàn án nínú omi òkun, nítorí ó wù ú pé kí òkun lọ́wọ́ sí i. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń fà á jáde nínú ìkòkò aró. Aṣọ náà jáde ní àwọ̀ ewé tó rẹ̀, kó tó di pé afẹ́fẹ́ kàn án tó wá ń di búlúù lójú wa, láti etí wá sí àárín. Ẹni tó bá ti rí i rí kì í gbàgbé. A so ó lọ́jọ́ Ẹtì. Kùrukùru bo etíkun fún òru méjì. Nígbà tí a máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, ìdí aṣọ tí a fi sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sókè ilẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀, ó rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ òjò kankan kò kàn án.

Nǹkan méjì ló pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bíi 75%, iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ náà títí tó fi máa yọ́. Aṣọ tí wọ́n fi omi òkun ṣàn kò lè gbẹ nínú ilé etíkun. Ńṣe lá máa rin nígbà kùrukùru, tá sì máa gan paali nígbà oòrùn. Ìkejì ni irun àgùntàn fúnra rẹ̀. Agbára rẹ̀ máa ń dín kù tó bá tutù, ó sì máa ń nà, pàápàá tó bá gùn tó sì ń gbé ìwúwo ara rẹ̀. Òwú àti ọ̀gbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń lágbára sí i tí omi bá mu wọ́n. Ó mọ èyí tẹ́lẹ̀. Aláṣọ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ní lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ, èèyàn kì í rántí pé aṣọ náà máa gbé ara rẹ̀ ró fún mítà 18. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àmì dúdú tóótòòtó ti yọ sí ìdí ọ̀já náà, aṣọ ti ń bu.

Ó tún un ṣe. Òwú ọ̀gbọ̀ ló dúró lóòró báyìí láti gbé ẹrù, irun àgùntàn wá dábùú láàárín rẹ̀ fún àwọ̀. Omi ẹ̀rọ ló fi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àṣìṣe yẹn gbà lọ́wọ́ wa nínú oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ àti ti báńkóònì lẹ́ẹ̀kan náà, ilé gogoro á máa fa afẹ́fẹ́ sókè bí ihò èéfín. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, aṣọ náà gbéra nílẹ̀, ó yí bírí, ó sì wé mọ́ irin àtẹ̀gùn bí ẹni ń di gèlè. Ó la ojú sí ara aṣọ náà lóríṣiríṣi kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, àwa náà sì ṣe òfin pé ilẹ̀kùn òkè kò gbọdọ̀ ṣí nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ṣí. Mo fẹ́ràn aṣọ náà sí i lẹ́yìn tó la ojú sí i.

Ọjọ́ ìṣílé ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó kù. Àtẹ̀gùn yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn mẹ́fà péré la lè jẹ́ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ti wà nínú ètò wa. Ohun tí kò sí nínú ètò wa ni àwọn tí kò lè gòkè rárá. Bàbá wá, wọ́n múra dáadáa. Wọ́n dúró sí ìsàlẹ̀, wọ́n gbójú sókè wo aṣọ tí ohun tó dára jù lára rẹ̀ wà ní mítà mẹ́wàá sókè orí wọn. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sókè, wọ́n ń kí wọn. Ìyàwó wọn tí a gbé orúkọ rẹ̀ sí ara ògiri kò sí láyé mọ́. Mo rí oníṣọ̀nà náà tó ń wò wọ́n láti orí àtẹ̀gùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀.

Ó ní ká tú okùn. Mo ní rárá, a kò dán an wò, aráàlú pọ̀ nílẹ̀. Ó dúró di ìgbà tí gbogbo wọn lọ. Ní òru ọjọ́ yẹn, òun àti káfíńtà ẹgbẹ́ wa so kẹ̀kẹ́ ìfokùn kan sókè, lára igi tuntun tí wọ́n fi há ojú ihò náà, wọn kò kan irin àtijọ́ kankan. Láti ọjọ́ kejì, ní gbogbo wákàtí, ẹnìkan á dúró nídìí okùn, á dẹ aṣọ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á ká jọ sórí tábìlì gbọọrọ ní ìsàlẹ̀, tí ẹni tó jókòó á fi rí gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà, wọn á wé e padà sókè. Bàbá ló kọ́kọ́ di okùn náà mú. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá wa wí pé kíká a jọ lójoojúmọ́ àti ọwọ́ èèyàn máa ba aṣọ náà jẹ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. A fi ọ̀já kan tó ṣẹ́ kù sí ẹ̀bá tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, a sì fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún ojú nìkan. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ó yẹ ká ti dá a dúró. Aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, oníṣọ̀nà ló sì pinnu ohun tó fẹ́ kó gbó sí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ àyálò yàtọ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ olùtọ́jú kan tó ti pẹ́ la yá fún ìpàtẹ kékeré, àwọn tó yá wa sì ní ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè fún aṣọ àtijọ́ níbi gbogbo. Kò sí igun kan nínú ilé gogoro tó lè pa òfin yẹn mọ́ lọ́sàn-án. Ibi tó gbà wá ni ilé epo, ilé òkúta kékeré tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n kọ́ jìnnà sí ilé gogoro nítorí ìbẹ̀rù iná. Bí ìmọ́lẹ̀ inú ilé gogoro ṣe le tó, ẹ wo ara aṣọ gígùn: àwọ̀ òféfèé tó fi ata ilẹ̀ pupa pa ti ṣí dànù níhà fèrèsé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, búlúù ẹ̀lú kò sì yí padà lójú wa.

Ohun kan wà tí a ṣe dáadáa, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Orí mẹ́kúrì ni ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ńlá máa ń léfòó lé kí wọ́n lè yí wẹ́rẹ́, èéfín mẹ́kúrì sì jẹ́ májèlé. Kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀, a pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá wọn afẹ́fẹ́ yàrá iná, wọ́n sì tún yẹ ọ̀dà àtijọ́ wò bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Ìjà kan ṣoṣo tí a jà ni ti kọ́tìnnì. Nígbà tí ìpàtẹ parí, a fẹ́ kó dúró níbẹ̀, nítorí pé lẹ́ǹsì nílò rẹ̀. Oníṣọ̀nà náà ní iṣẹ́ òun ni, ìwé àdéhùn sì sọ pé gbogbo ohun tí òun bá ṣe, tòun ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àwa la kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ara gíláàsì yẹn nìkan ló bá mu, kò wúlò níbòmíràn. Ó tó oṣù méjì kí a tó fi owó yanjú rẹ̀, ó sì yẹ ká san ju iye tí a san lọ.

A ti tún ètò náà kọ. Ìwé àjọ ojú òkun ni ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìpè wa báyìí: ohun tí a kò lè ṣe, àti ìdí rẹ̀. A kò béèrè àlàyé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ mọ́. A ń sanwó oṣù kìíní fún un kó kàn máa wòye, kó bá bàbá sọ̀rọ̀, kó tó kọ ohunkóhun. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ṣì ń sọ pé èyí máa fa ọ̀lẹ wá. Mo máa ń rán an létí pé ìwé tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ohunkóhun tó bá máa rọ̀ sókè gbọ́dọ̀ rọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí òru kùrukùru sì wà nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó máa ni ohun tó bá ṣẹ́ kù, a ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kọ́tìnnì náà ṣì wà lókè. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń pín iṣẹ́ títa rẹ̀ àti ṣíṣí rẹ̀ láàárín ara wọn, orúkọ wọn wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gòkè lọ́sàn-án bá a ní ṣíṣí. Agbẹ́gilére ni oníṣọ̀nà tó kàn, oṣù tó ń bọ̀ ló máa dé. Lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ sí wa kò ju ìlà kan lọ: ó fẹ́ mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó.